Ẹ má tíì pariwo àjẹ́ o: ara yíyún ọmọ yẹn lè ju ẹkísímà lọ

Láti Toll Gate dé abẹ́ bíríìjì Sango, kò sẹ́ni tí kò ní oògùn ara yíyún tó fẹ́ júwe fún ìyá ọmọ. Ẹnì kan á ní làpálàpá ni, kó lọ ra ọṣẹ dúdú. Òmíràn á ní kúrúnà ni. Ẹni tó ń ta oògùn á po ìpara mẹ́ta pọ̀, á ní kí wọ́n máa fi pa á láàárọ̀ lálẹ́. Ó wá di pé ọmọkùnrin kejì tún ní irú ẹ̀, tí àkọ́kọ́ sì ti kú. Nígbà náà ni ìyá ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wo ìyàwó.

Lóòótọ́, ẹkísímà lásán ni èyí tó pọ̀ jù. Ó máa ń mú ọmọ ní kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún, á lọ, á tún dé, àmọ́ ọmọ ń jẹun, ó sì ń sanra. Bàbá tàbí ìyá lè ní ikọ́ asímà. Ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ, ọ̀dà tàbí sìmẹ́ńtì l'Ota tún yàtọ̀: tí ọwọ́ wọn bá ń bó, tó rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, tó tún gbérí nígbà tí wọ́n padà, iṣẹ́ ló fà á, kì í ṣe àjogúnbá.

Àmọ́ ẹ gbọ́ tàwọn ará Munich ní Jámánì. Ní 1937, dókítà ọmọdé kan, Alfred Wiskott, kọ̀wé nípa ọmọ ìyá mẹ́ta, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ara wọn ń yún, etí wọn ń ṣọyún léraléra, ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ wọn jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú ní kékeré. Àwọn ọmọbìnrin ilé náà ńkọ́? Koko lara wọn le. Ká ní Ota ni wọ́n ti bí wọn, ta ni kò mọ ohun táwọn ará ilé ìbá ti sọ!

Ní 1954, Robert Aldrich l'Amẹ́ríkà rí ìdílé mìíràn, ó sì fi hàn pé láti ara ìyá ni àìsàn náà ti ń dé ara ọmọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ìyá fúnra ẹ̀ kò ṣàìsàn, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun gbé nǹkan. Wiskott-Aldrich ni wọ́n wá ń pè é. Ní 1994 ni wọ́n tó rí jíìnì tó bàjẹ́ gan-an. Àwọn sójà inú ara ọmọ kò lágbára, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì náà kò tó.

Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ṣe pàtàkì níbí. Ọmọ tí wọ́n dábẹ́ fún tí ẹ̀jẹ̀ ò dá bọ̀rọ̀, tí àmì pupa tíntìntín bíi ojú abẹ́rẹ́ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí nínú ẹnu ẹ̀, tí òtútù àyà sì ń mú lemọ́lemọ́, ìyẹn ti kúrò ní ti ọṣẹ dúdú. Kí wọ́n má sì fún un ní aspirin o, ẹ̀jẹ̀ á tún máa dà sí i ni.

Òmíràn wà tí wọ́n fi orúkọ Jóòbù inú Bíbélì sọ ní 1966, nítorí eéwo. Eéwo ọmọ yìí máa ń wú, ṣùgbọ́n kì í sábà gbóná. Eyín ọmọdé ẹ̀ lè kọ̀ kó má ká, tí eyín àgbà á fi hù sẹ́yìn ẹ̀.

Àwọn kan á ti rò pé éèdì ni. Kí wọ́n yẹ ìyẹn náà wò, àmọ́ tí èsì bá ní kò sí, wàhálà lè má tíì tán. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ FBC, tí kò le láti ṣe, á fi hàn bóyá èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kéré. Láti ọsibítù ìjọba l'Ota, wọ́n lè kọ̀wé gbé ọmọ lọ sí LUTH ní Idi-Araba tàbí LASUTH n'Ikeja. Wọ́n lè fi mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn, pàápàá ti ọmọ ìyá ẹ̀ tó bá a mu, wo Wiskott-Aldrich sàn. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní 1968.

Kí ìyá tó ń lọ mú káàdì àjẹsára dání, nítorí BCG àti ẹ̀kán omi rọpárọsẹ̀ ní kòkòrò ààyè nínú, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó fún ọmọ bẹ́ẹ̀. Kó sì dárúkọ gbogbo ọmọkùnrin tó ti kú ní kékeré níhà ìyá tirẹ̀: àwọn àbúrò, ẹ̀gbọ́n, àti ọmọ àwọn arábìnrin ẹ̀.