Ẹ̀rọ Tí Ń Wo Ewé Ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ọ̀kà, Ìkàrẹ́ àti gbogbo ilẹ̀ Àkókó, olúkúlùkù yín ti rí ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ súnkì, tí ó ní àbàwọ́n bí àwọ̀ ìyeyè, tí ó sì jẹ́ pé nígbà tí a wú u, ohun tí a bá nídìí rẹ̀ kò tó nǹkan. Àrùn mòsáíkì ni. Kòkòrò funfun kéékèèké tí ń gbé abẹ́ ewé a máa gbé e kiri. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwa fúnra wa ni ó tún ń gbà wọ oko, nítorí igi tí ó ní àrùn ni a gé tí a sì tún gbìn. Kò sí oògùn tí a lè fín tí yóò wò ó sàn.

Nísinsìnyí, ẹ̀rọ kan wà nínú fóònù tí ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá. Nuru ni orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe ìmọ́lẹ̀ ní èdè Swahili. Àwọn onímọ̀ PlantVillage ti Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é pẹ̀lú IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Àwòrán ewé púpọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, bí a ti ń kọ́ ọmọdé láti mọ ẹ̀fọ́ yàtọ̀ sí koríko. Bí a bá kọjú fóònù sí ewé, yóò sọ àrùn tí ó rí, kódà níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín gbà á. Nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2020, ẹ̀rọ náà mọ àrùn ẹ̀gẹ́ ní ìgbà 65 nínú 100. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn bí èmi mọ̀ ọ́n ní ìgbà 40 sí 58. Àwọn àgbẹ̀, 18 sí 31. Kò yẹ kí ojú tì wá láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń ṣìṣe pẹ̀lú. Nígbà tí a fi ewé 6 hàn án lára igi kan, ó gbà á ní ìgbà 74 sí 88. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ewé kan ṣoṣo dájọ́.

Àkókò tí a ó lò ó tún ṣe pàtàkì. Ewé ni ó ń wò. Bí a bá ti wú ẹ̀gẹ́ tán, tí igi ti wà ní ìdì lábẹ́ ìbòòji, fóònù kò rí nǹkan sọ mọ́. Nígbà tí ewé ṣì tutù lórí igi ni kí ẹ yẹ oko wò. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi tí ó mọ́, kí ẹ sì gé igi ìgbìn lára ìwọ̀nyí nìkan.

Kò di dandan kí olúkúlùkù ra fóònù. Ẹyọ kan tó fún ẹgbẹ́ láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan ọ̀dọ́ kan tí ó mọ̀ ọ́n lò àti àgbà kan tí ó mọ oko, kí wọ́n jọ máa rìn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ọ̀rọ̀ fóònù bá yàtọ̀ sí ohun tí ojú wọn rí, kí wọ́n ké sí òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn.

Ẹgbẹ́ tí ó bá pín igi tí a kò yẹ̀ wò fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àrùn ni ó pín. Owó tí wọ́n yá láti fi ro oko yóò sì di gbèsè lọ́rùn gbogbo wọn.