Títí Dìgbà Wo Ni Nàìjíríà Yóò Máa Yá Kẹ̀kẹ́?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ní ìdíje Òlíńpíìkì ìlú Paris, kẹ̀kẹ́ tí Ese Lovina Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà, gùn nínú eré orí pápá kì í ṣe ti Nàìjíríà. Ikọ̀ Jámánì ni ó yá a, òun fúnra rẹ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba. Àwọn alákòóso ní ọ̀rọ̀ náà bá àwọn lójijì ni. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ta ni ó ní kí orílẹ̀-èdè tí ó ní pápá ìdíje kẹ̀kẹ́ ní Àbújá máa dúró de òjijì?

Kẹ̀kẹ́ nìkan kọ́ ni ó wọ́n. Ìdíje ni kò sí nílé. Ẹ bi ará Àkúrẹ́ tàbí ará Oǹdó léèrè kí ó dárúkọ ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì kan ní Nàìjíríà tí ọjọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀ lọ́dọọdún. Yóò kàn máa wo yín ni.

Wọn yóò ní owó ni kò sí. Irọ́ ni. Láti ọdún 1987 ni Burkina Faso, tí kò lówó tó Nàìjíríà rárá, ti ń ṣe Tour du Faso, ogun àwọn agbésùnmọ̀mí kò sì pa á run. Eritrea kéré púpọ̀ sí wa, síbẹ̀ ibẹ̀ ni Biniam Girmay ti wá, ẹni tí ó gba Gent–Wevelgem, ìdíje ọlọ́jọ́ kan ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọdún 2022. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali ní Rwanda gba àlejò ìdíje àgbáyé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Okpekpe, abúlé orí òkè ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń sá eré kìlómítà 10 níbẹ̀, tí àwọn sárésáré láti òkè òkun ń gun òkè náà. Kí ni Okpekpe ní tí Ìpógun kò ní? Láti Àkúrẹ́, kí a gba Ìpógun lọ sí Oǹdó, kí a sì padà, ìdíje ọlọ́jọ́ kan tí ó pé ni. Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í sì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ kòkó. Òun ni àgbẹ̀ ń gùn lọ sóko kí ọ̀kadà tó gba ipò rẹ̀. Eré gọ́ọ̀fù, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá kò pọ̀, ti ní pápá tirẹ̀ ní Ìlárá-Mọ̀kín nítòsí.

Wọn yóò tún ní títì kò dára. Ní ilẹ̀ Faransé, Paris–Roubaix, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896, lókìkí nítorí títì olókùúta tí ó ń gbo eegun ni. Ṣùgbọ́n òkúta ti ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú rẹ̀. Ihò ojú títì tiwa kò ní olùtọ́jú kan, àfi òjò. Ìdíje tí ọjọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀ ni yóò fipá mú ìjọba dí ihò náà lọ́dọọdún.

Ní ti pé a kò lè dí títì, títì náà ni àwọn olóṣèlú ń dí fún ìpolongo, òun ni ọlọ́lá ń dí fún ìsìnkú, ẹnì kan kò sì pè é ní àdánù.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kejìlá, lẹ́yìn òjò, ti tó. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ ọ́ sínú ètò ìṣúná, kí ẹ̀bùn obìnrin má kéré sí ti ọkùnrin, kí wọ́n sì san án lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n kéde rẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní, kí ọmọbìnrin Ìpógun tí ń gun kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ lè ní oṣù mọ́kànlá tí yóò fi múra.