Oṣù Mẹ́ta Kò Tó Fún Òtítọ́: Àlébù Inú Òfin Ìparí Aáwọ̀

A kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí aáwọ̀ bá dé, ìgbìmọ̀ apẹ̀tùsááwọ̀ tí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí ni yóò dá a, kì í ṣe adájọ́ ìjọba. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà bá sì sọ, abẹ gé e. Ètò yìí dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ P&ID àti Nàìjíríà fi hàn pé ihò wà nínú òfin tí ó gbé e ró.

Ní ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ bá iléeṣẹ́ náà tọwọ́ bọ àdéhùn ogún ọdún lórí gáàsì. Wọn kò kọ́ ilé ìṣẹ́ gáàsì kankan. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kan ní London pàṣẹ kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2023, èlé ti gbé e kọjá bílíọ̀nù 11. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Aráàlú tí gbèsè náà yóò já lé lórí kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ 28 péré ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ láti ta ko irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ìparí ọdún 2019 ni Nàìjíríà tó gbé ẹ̀sùn jìbìtì dé ilé-ẹjọ́. Bí kì í bá ṣe pé adájọ́ kan gbà láti sún ọjọ́ náà síwájú ní ọdún 2020, ọ̀rọ̀ ì bá ti bọ́ sórí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Robin Knowles sọ pé rìbá àti ẹ̀rí èké wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 kan náà, Nàìjíríà fi òfin tuntun rọ́pò ti ọdún 1988. Òfin náà gba ìgbìmọ̀ kejì láyè láti yẹ ìdájọ́ wò, bí tọ̀tún-tòsì bá ti fẹnu kò sí i. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ló ṣì fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ fagi lé ìdájọ́. Kò ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí àṣírí jìbìtì tú sí lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sì kàn án nípá pé kí ẹjọ́ tó kan owó ìlú hàn sí gbangba.

Ihò méjì yìí ni ó yẹ kí àwọn aṣòfin dí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Kò yẹ kí òtítọ́ dé tán kí ó bá ilẹ̀kùn ní títì.