Ẹ Má Ra Máṣíìnì Ìgéko Tí Ẹ Ò Lè Rí Páàtì Rẹ̀ Lọ́jà Yín

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí lè dun àwọn kan, ṣùgbọ́n a ti gbé e mì títí, ó ti sú wa.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí eèsún àti ewé Akíntọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹ̀yìn ilé, kálukú á sáré lọ ra máṣíìnì ìgéko, èyí tí à ń gbé kọ́ èjìká, tí òyìnbó ń pè ní brush cutter. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi ẹni tó ń tà á: "Èló ni jálẹ̀?" Tó bá ti pọ́ọ́kú, wọ́n á gbé e. Kó tó di pé wọ́n kórè àgbàdo, máṣíìnì ti wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, adìẹ ti ń yé sí abẹ́ ẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ ó gbọ́: "Máṣíìnì ò dáa, àdá bàbá wa ló dáa jù."

Irọ́ ni o. Àdá dáa, a ò bá a jà. Ṣùgbọ́n máṣíìnì kọ́ ló burú. Bí a ṣe ń rà á ló burú, bí a ṣe ń lò ó ló tún burú jù.

A ò sọ ọ́ bí ẹni tó gbọ́n ju yín lọ. Àwa náà ti jẹ ìyà ẹ̀. Iṣẹ́ koríko gígé la fi ń jẹun: pápá ilé ìwé, oko ọsàn, oko ọ̀pẹ, àyíká ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Lọ́dún tá a bẹ̀rẹ̀, a kó owó àjọ wa, a fi ra máṣíìnì mẹ́ta tí ò lórúkọ, torí pé iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan tó lórúkọ náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A rò pé a gbọ́n. Oṣù kejì, okùn ìfà ti àkọ́kọ́ já, sípíríìngì inú ẹ̀ sì ṣẹ́. A wá irú ẹ̀ kiri ọjà, kò sí èyí tó bá a mu. Gíà ìkejì jẹ. A wá kó gbogbo iṣẹ́ lé ìkẹta lórí, òun náà nọ́ọ̀kì láàárín pápá ilé ìwé kan, iṣẹ́ ku ìdajì. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Gbèsè àjọ ṣì wà lọ́rùn wa. A ò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún wa, torí àwa la ò béèrè ohun tó yẹ ká béèrè.

Kí ló yẹ ká béèrè? Òun nìyí: "Tó bá bàjẹ́, níbo ni mo ti máa rí páàtì ẹ̀?" Ẹ ní kí ọlọ́jà gbé pọ́lọ́ọ̀gì ẹ̀ jáde, kó gbé kabúrétọ̀, okùn ìfà pẹ̀lú ilé ẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì àti orí gíà. Ẹ jẹ́ kó gbé e síwájú yín, kó má sọ pé "ó ń bọ̀ láti Èkó". Tí ò bá lè mú mẹ́ta jáde nínú márùn-ún yẹn, ẹ dá máṣíìnì ẹ̀ padà fún un, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé pàápàá, ẹ lọ bá mẹkáníìkì àdúgbò yín, ẹ bi í pé èwo ló ń tún ṣe jù, èwo ló sì ń rí páàtì ẹ̀. Ìdáhùn ẹ̀ níyì ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí lọ.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ má bínú sí wa. Ẹni tó ń ta máṣíìnì láì ta páàtì, èrè ẹ̀ẹ̀kan ló ń jẹ. Ẹni tó kó páàtì sí ṣọ́ọ̀bù, ọdọọdún ni oníbàárà ń padà wá bá a.

Ẹ tún wo irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Pápá tó tẹ́jú, bíi ti òtẹ́ẹ̀lì, èyí tó ní táyà tí à ń tì ló yẹ ẹ́. Ilẹ̀ tó rí gbágungbàgun, tó ní kùkùté, tàbí abẹ́ igi ọsàn, ti èjìká ló bá a mu. Ẹ́ńjìnnì kékeré bíi 25cc, ti àyíká ilé ni. Ẹni tó fẹ́ gé eèsún látàárọ̀ dalẹ́, kó wá bíi 40cc sókè. Okùn ọ̀rá la fi ń gé koríko tútù lẹ́bàá ògiri. Bíléèdì onírin wà fún koríko líle. Tó bá sì jẹ́ ìdí kòkó tàbí ọsàn tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ni, ẹ mú àdá tàbí kẹ́ ẹ fi ọwọ́ tu ú, torí okùn ọ̀rá pàápàá lè bó èèpo ara igi, kí igi sì kú.

Ó wá ku èyí tó ń pa máṣíìnì jù: ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì two-stroke ò ní ibi ọ́ìlì lọ́tọ̀. Inú epo bẹntiróòlù la ti ń pò ó, bí a ṣe ń ṣe fún jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour". Tẹ́ ẹ bá da bẹntiróòlù lásán sí i, irin á máa ha irin, ó parí nìyẹn. Ìwé ọ̀pọ̀ máṣíìnì sọ pé 50 sí 1, ìyẹn ni pé ọ́ìlì 20 ml sí lítà epo kan, 100 ml sí lítà 5. Àwọn mìíràn sọ pé 25 sí 1, ìyẹn 40 ml sí lítà kan. Èyí tó wà nínú ìwé tiyín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ọ́ìlì two-stroke gan-an ni o, kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò. Ẹ má fi ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n, ẹ má sì fojú wọ̀n ọ́n. Síríńjì 20 ml wà nílé oògùn, owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tuntun. Tó bá jẹ́ four-stroke, ọ̀tọ̀ nibi tí à ń da ọ́ìlì sí. Ẹ má po epo tiẹ̀, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa yẹ ọ́ìlì ẹ̀ wò.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ fíítà afẹ́fẹ́ tó rí bíi fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ fún orí gíà ní girísì, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Ẹ di gbogbo nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì tó di bíléèdì mú, òdìkejì ló máa ń yí lára ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ẹni tí ò mọ̀ á fi agbára ba ojú ẹ̀ jẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró, ẹ fa epo inú táǹkì jáde, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí táá fi kú fúnra ẹ̀. Epo tó bá pẹ́ níbẹ̀ á dì, á sì dí kabúrétọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó dùn wá jù. Ọmọkùnrin kan nínú wa yọ irin ìdáàbòbò tó wà lẹ́yìn bíléèdì, ó ní ó ń di koríko mú. Kò wọ gíláàsì. Bíléèdì gbá òkúta, òkúta fò sí ojú òsì ẹ̀. Títí dòní, kò fi ojú yẹn kàwé. Owó gíláàsì ojú ò tó owó epo ọjọ́ kan! Látọjọ́ yẹn, ẹni tí ò bá wọ gíláàsì àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í bá wa ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ wa tó mítà 15, pàápàá àwọn ọmọdé. Bíléèdì tó bá sán, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ẹ sọ ọ́ nù.

A mọ̀ pé ẹ ó ní owó ò sí. Àwa náà kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lè dáwó ra ẹyọ kan tó dáa, kí wọ́n máa gbà á lò láàárín ara wọn, ju kí kálukú ra òkú irin lọ. Tòkunbọ̀ tó lórúkọ náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ bá a ní tútù kẹ́ ẹ tó fà á. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tó ti gbóná, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ti kọ́kọ́ tan án. Àwa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún máṣíìnì, a kì í fọwọ́ kàn án, kódà lọ́jọ́ ọdún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé iṣẹ́ fún wa náà, ẹ gbọ́ tiyín. Tẹ́ ẹ bá ná wa lówó títí tí ò fi ku owó ọ́ìlì, máṣíìnì wa á kú sórí pápá yín, koríko yín á sì tún padà hù. Ta ló wá jèrè?

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra máṣíìnì, kẹ́ ẹ tó béèrè "Èló ni?", ẹ kọ́kọ́ béèrè "Páàtì ẹ̀ dà?" Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra àtirà lọ́wọ́. Ire oko á jẹ́ tiwa o.