Ọjọ́ Méjì ní Ìlọrin, Òwúrọ̀ Kan ní Ẹ̀siẹ̀

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé mò ń lọ sí Ìlọrin fún ọjọ́ méjì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ta lẹ jọ ń lọ?" Mo ní èmi nìkan ni. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé ìpè náà ti já. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wà lójú títì lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí n sì máa pe àwọn ní gbogbo ibi tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lóde òní kò ní dá wọn lẹ́bi. Mo gba àṣẹ náà bí wọ́n ṣe pa á.

Ìyá tó bí màmá mi, ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo, ló fa ìrìn-àjò yìí. Wọ́n papò dà lọ́dún tó kọjá. Onídìrí ni wọ́n fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá ń sunkún pé irun ń dùn mí, wọ́n á ní kí n panu mọ́, pé àwọn ará Ẹ̀siẹ̀ tí wọ́n di òkúta kò sunkún nígbà tí wọ́n ń di tiwọn. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò mú mi lọ wò wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ kò jẹ́, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ kò jẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá àgbà kò jẹ́. Mo kàwé nípa ère Ẹ̀siẹ̀ ní yunifásítì, mo tilẹ̀ dáhùn ìbéèrè lé e lórí nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n n kò fojú kàn án rí.

Ìlọrin ni mo fi ṣe ibùdó. Ní ilé ìtura tí mo wọ̀ sí, ọkùnrin tó ń gba orúkọ sílẹ̀ béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọkọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ kú oríire o." Títí di òní, n kò mọ èwo ló ń kí mi fún. Mo ju àpò sílẹ̀, mo gba Òkèléle lọ wo àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dada. Mo jẹ wàrà díndín tó gbóná débi pé ó bó mi lẹ́nu. Mo tún rántí ohun tí ìtàn sọ nípa orúkọ ìlú náà, pé ìlọ-irin ni, nítorí òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ń pọ́n irin ní àdúgbò Ìdí-Àpè. Mo sùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òkúta lọ́kàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà. A gba Ganmọ, a gba Ìdòfìàn, a kọjá Àjàṣẹ́. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 50. Ọ̀kadà ló gbé mi dé ibi tí mò ń lọ. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ lọ, ẹ tètè jí, ẹ mú omi dání, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀siẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ojúbọ ni ibẹ̀ jẹ́ kí ó tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn ará ìlú sì ṣì ń ṣe ọdún ère lọ́dọọdún. Ní 1933, H. G. Ramshaw, tó jẹ́ olùyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ fún ìjọ CMS, ròyìn àwọn ère náà fún ayé ìta. Àwọn ìwé kan ní òun ló "ṣàwárí" wọn. Ó dà bí ìgbà tí èmi náà bá ní mo ṣàwárí ọjà Ìpàtà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n pọ̀! Bí a bá ka èyí tó fọ́ mọ́ èyí tó pé, wọ́n lé ní 1,000. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Òmíràn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òmíràn sì ga ju mítà kan lọ. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí. Àwọn kan mú àdá dání, àwọn kan ń lo ohun èlò orin, ilà sì wà lójú wọn. Àwọn onímọ̀ kan ní ó ti tó ọdún 1100 tí irú iṣẹ́ yìí ti wà. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó bá wọn níbẹ̀ ni. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àlejò ni wọ́n, inú ló bí wọn tí wọ́n fi di òkúta. Ẹni tó gbẹ́ wọn gan-an, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Gbogbo àlejò ń wo ojú wọn. Èmi ń wo ìpàkọ́. Irun wọn ga, ó ní ìlà wẹ́wẹ́, òmíràn kóra jọ sí àárín orí bíi ṣùkú. Mo bi ìyá tó ń mú wa káàkiri pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni wọ́n ń pe dìrí yìí?" Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. "Ọmọ mi, àwa náà ń wò ó ni."

N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Ìyá àgbà ì bá mọ orúkọ rẹ̀, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà mélòó ni wọ́n pè mí kí n wá kọ́ ọ, tí mo ní mo ní ìwé tí mo fẹ́ kà? Mo gboyè nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá. Mo lè kọ ojú ìwé mẹ́wàá lórí irun dídì. Bí ẹ bá ní kí n di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ fún ọmọdé, n kò mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Ère kan wà nítòsí ògiri tí kò ní orí mọ́. Ọ̀pọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, olè sì ti jí nínú wọn kó. Ọrùn nìkan ló kù, àti ọwọ́ méjèèjì lórí itan. Mo pẹ́ lọ́dọ̀ ìyẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni mo padà dé Ìlọrin. Mo pe màmá mi gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, mo sì béèrè irú dìrí tí ìyá àgbà kọ́ wọn. Wọ́n ní méjì péré ni àwọn rántí, ṣùkú àti kọ̀lẹ́sẹ̀, ìyẹn náà kò sì dán mọ́rán.

"Wá ní Sátidé," ni wọ́n wí. "Mú òòyà dání. Orí èmi ni o máa fi kọ́ ọ."