Píkọ́ọ̀pù Oníbátìrì: Ṣé Ó Tó Ohun Tí À Ń Torí Rẹ̀ Yá Owó Ẹgbẹ́?

 

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, nígbà tí a ń ka ìwé àwọn tó fẹ́ yá owó sí etígbọ̀ọ́ ilé, tí a dé orí píkọ́ọ̀pù, ìyá wa kan láàrin àwọn aláṣọ dìde, wọ́n ní, "Akọ̀wé, mọ́tò wo ló wá kéré lówó tó báyìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wa kò jẹ̀bi rárá. Píkọ́ọ̀pù tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni èyí tó ń kó iṣu àti ata wọ ọjà. Èyí tí àwọn onígìtá inú ẹgbẹ́ wa ń torí rẹ̀ béèrè owó, àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé gba á. Abẹ́ okùn gìtá ló ń gbé, òun ló ń gbọ́ ohun tí okùn ń sọ, tó sì ń gbé e lọ fún áńpù.

Ìwé mẹ́rin ló wà níwájú ìgbìmọ̀ báyìí lórí nǹkan kan ṣoṣo yìí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ yọ píkọ́ọ̀pù inú gìtá wọn, kí wọ́n fi oníbátìrì rọ́pò rẹ̀. Apá kan nínú ìgbìmọ̀ ní ká má fún wọn, pé eré ni orin, kì í ṣe òwò. Apá kejì ní ká fún wọn kíá, nítorí ẹni tó bá ní onídùúró méjì ti kúnjú òfin. A kò fara mọ́ apá kìíní, a kò sì fara mọ́ apá kejì tán. Orin jẹ́ òwò fún ẹni tó ń fi bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n owó tí à ń sọ yìí, owó oní-tòmátì wà nínú rẹ̀, owó télọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá yá a ra ohun tí kò nílò, gbèsè ló fi owó náà rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́, èyí tí kò lo bátìrì, kò ju òòfà lọ pẹ̀lú wáyà bàbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tí wọ́n wé yí i ká. Ti gìtá Stratocaster, wíwé náà tó bíi ìgbà 8,000. Irin ni okùn gìtá. Bí irin yẹn bá ń gbọ̀n lókè òòfà, iná kékeré a dìde nínú wáyà bàbà. Iná kékeré yẹn ni áńpù ń sọ di ńlá. Láti nǹkan bí ọdún 1931 tí George Beauchamp ti gbé irú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Àléébù ibẹ̀ ni pé wáyà wíwé yìí kì í gbọ́ okùn nìkan. Ó ń gbọ́ iná NEPA pẹ̀lú. (Ìjọba ti yí orúkọ yẹn padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹni tó pè é ní nǹkan mìíràn lọ́jà wa.) Iná tiwa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òun ló ń ké "hùùù" nínú sípíkà nígbà tí onígìtá kò tíì fọwọ́ kan nǹkan. Ìṣòro náà ti pẹ́, ìwòsàn rẹ̀ náà sì ti pẹ́. Ní 1955, Seth Lover tó ń ṣiṣẹ́ ní Gibson to wáyà wíwé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó mú kí ọ̀kan ṣe òdì sí èkejì, tí ariwo inú ọ̀kan fi ń pa ariwo inú èkejì, tí ohùn okùn sì ń kù. A ó máa pè é ní oníbejì níhìn-ín. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò lo bátìrì kankan.

Oníbátìrì gba ọ̀nà mìíràn. Wáyà rẹ̀ kì í pọ̀ tó ti àtijọ́, nítorí náà ohùn tó ń mú jáde kéré, ariwo tó ń fà wọlé náà sì kéré. Áńpù kékeré kan tí wọ́n dé mọ́ inú rẹ̀ ló ń gbé ohùn náà dìde, bátìrì onífóòtì 9 tí wọ́n kì sínú gìtá ló sì ń bọ́ áńpù yẹn. Orúkọ tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni EMG, ilé iṣẹ́ tí Rob Turner dá sílẹ̀ ní California ní 1976. Àwọn olórin tó le, bíi ẹgbẹ́ Metallica, ni òkìkí rẹ̀ tọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Bàbá wa akápò ń bẹ̀rù pé bátìrì ni yóò jẹ owó olórin tán. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ EMG sọ pé bátìrì kan yóò gbé píkọ́ọ̀pù 81 wọn fún nǹkan bí wákàtí 3,000. Ẹni tó bá ṣeré wákàtí 6 lálẹ́, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ti lo wákàtí 12. Ẹ fi 12 pín 3,000, ọ̀sẹ̀ 250 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún márùn-ún. Bátìrì ọjà tiwa yóò ti gbó dànù kó tó di ìgbà yẹn. Ohun tó ń pa bátìrì ni ìgbàgbé. Ihò tí a ń ki wáyà áńpù bọ̀ lára gìtá ni swíìṣì rẹ̀. Bí wáyà bá wà nínú ihò, bátìrì ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ pé gìtá wà nínú àpò rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wákàtí 3,000 kan náà, bí a bá kà á tọ̀sán-tòru, kò ju ọjọ́ 125 lọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tó ń ta gìtá béèsì (ẹ má ṣì wá gbọ́, kì í ṣe pé ó ń tà á lọ́jà). Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé tí ìjọba ti òde pa, ó gbé gìtá náà sígun yàrá pẹ̀lú wáyà rẹ̀ lára. Òde àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ lẹ́yìn rẹ̀, ìsìnkú àgbà ni. Orin kẹta ni béèsì bẹ̀rẹ̀ sí í há bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn, nígbà tó di ìkẹrin, ó dákẹ́. Alága òde ti dìde láti náwó, ìlù nìkan ló kù. Kò sẹ́ni tó ń ta bátìrì onífóòtì 9 ní abúlé yẹn ní aago kan òru. Arákùnrin náà sọ fún wa pé owó tí wọ́n pàdánù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun kò fẹ́ kà á síta.

Ohun kan wà tí oníbátìrì fi dára tí a kò gbọ́dọ̀ fojú di. Nínú gìtá àtijọ́, wáyà kan so gbogbo okùn mọ́ wáyà ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní áàtì. Bí áńpù bá yọnu, tí jẹnẹrétọ̀ òde kò sì ní áàtì gidi, iná lè gba wáyà yẹn dé ara okùn. Onígìtá tó bá wá fi ẹnu kan máíkì nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn, a ti mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Gìtá tí a bá fi EMG sí kò nílò wáyà yẹn mọ́, ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn ní ká má so ó. Ewu náà dín kù. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, áàtì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bí ọwọ́ yín kò bá sí lórí okùn, ó lè wà lórí irin máíkì.

Ó tún dára fún wáyà gígùn. Ohùn píkọ́ọ̀pù àtijọ́ máa ń pàdánù dídán rẹ̀ bí wáyà bá ti ń gùn. Ti oníbátìrì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dúró jìnnà sí áńpù nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, tàbí tó ń gba àárín gílóòbù aláràbarà àti jẹnẹrétọ̀ ṣeré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wa. Méjì nínú ìwé mẹ́rin yẹn jẹ́ ti irú àwọn bẹ́ẹ̀, a sì gbà pé kí ìgbìmọ̀ fún wọn.

Ti àwọn méjì tó kù, tí wọ́n jẹ́ onígìtá jùjú, ni kò tíì wọ̀ wá létí. Orin jùjú ti ní gìtá oníná tipẹ́. Ní 1964 tí Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀, ó ku ọdún 12 kí EMG tó wà. Nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, dídùn rẹ̀ ni bí gìtá ṣe ń dá gìtá lóhùn, tí gìtá Demọ́lá Adépọ̀jù ń sunkún láàrin wọn. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. O ta á fẹ́ẹ́rẹ́, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́. O tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbaná jẹ. Sí etí tiwa, oníbátìrì máa ń tẹ́ kẹ́lẹ́ àti gbaná jẹ pẹrẹsẹ. Àwọn kan kò gbà, wọ́n ní a kò tíì gbọ́ èyí tó dáa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jọra, EMG SA tí wọ́n ṣe fún irú gìtá bíi Stratocaster kì í dún bí 81 tó wà fún orin líle. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi àwọn arákùnrin wọ̀nyí léèrè ìdí, ariwo ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Oníbejì lè pa ariwo. Kí oníṣẹ́ ṣí gìtá, kó tún sọ́dà tó ti já jó, kó fi bébà irin bo inú rẹ̀, kó sì so ó mọ́ áàtì, yóò dín ariwo kù pẹ̀lú owó tí kò tó owó ẹ̀yáwó.

Wọn kò sì tíì ṣírò ìyókù. Bọ́tìnì fólúùmù gìtá àtijọ́ jẹ́ 250,000 tàbí 500,000 ohm, ti oníbátìrì jẹ́ 25,000. Ẹni tó bá fi bọ́tìnì àtijọ́ sílẹ̀ yóò rí i pé fólúùmù kò lọ sókè díẹ̀díẹ̀ mọ́, yóò kàn máa kú, yóò máa jí. Nítorí náà bọ́tìnì ń bọ̀, ihò wáyà ń bọ̀, ibi tí bátìrì yóò sùn ń bọ̀, owó oníṣẹ́ ń bọ̀.

Ó ku ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tó ń tajà. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ kan ra píkọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kejì. Páálí rẹ̀ ní EMG, ike dúdú pẹrẹsẹ ló bò ó. Nígbà tí oníṣẹ́ tú u, kò sí wáyà bátìrì kankan lára rẹ̀. Ẹni tó rà á ní ayédèrú ni, ó sì kọ̀ kò san ẹ̀yáwó fún oṣù méjì. Ẹni tó tà á búra pé ojúlówó ni. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì má purọ́. EMG fúnra rẹ̀ ń ṣe irú kan tí wọ́n ń pè ní HZ, tí kò lo bátìrì, tó sì jọ oníbátìrì bí ìbejì. Ayédèrú náà pọ̀ lóde o, ẹ má ṣe rò pé a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onídùúró ló san oṣù méjì yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ń ta ẹja yíyan, kò sì fọwọ́ kan gìtá rí.

Ìmọ̀ràn wa fún ìgbìmọ̀ ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ yá owó fún píkọ́ọ̀pù gbé gìtá náà wá, ká gbọ́ ọ lórí áńpù, ká sì ṣí i wò. Kí ẹni tó tà á kọ orúkọ irú rẹ̀ sórí rìsíìtì, 81 ni tàbí SA ni tàbí HZ, kó sì gbà pé òun yóò dá owó padà bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. A ó dìbò lé e ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ̀yin onígìtá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ gbé gìtá yín dání, ẹ sì yọ wáyà lára rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.