Ẹ lè mú orin yára, ẹ má yọ orúkọ olórin

Láyé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, bí ẹnìkan bá fi àwo 45 yí ní 33, ohùn obìnrin á di ti ọkùnrin, ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Eré lásán ni. Mòoré tí wọ́n ń sọ ní Ouagadougou, èdè olóhùn ni bíi Yorùbá. Bí ohùn gbogbo bá jọ gòkè, ọ̀rọ̀ ṣì lè yé ni.

Fóònù ló ń ṣe é báyìí. Àwọn kan á mú orin yára tàbí kí wọ́n fà á nílẹ̀, wọ́n á gbé e sórí TikTok láìdárúkọ olórin. Ibẹ̀ la ti ta kò wọ́n. Iléeṣẹ́ BBDA ló ń gba owó ẹ̀tọ́ fáwọn olórin ní Burkina Faso. Orin tí kò lórúkọ, ta ni kí wọ́n gbowó rẹ̀ fún?